Ojú Lalákàn Fi Í Ṣọ́rí: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Atọpasẹ̀ fún Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ tí a fẹ́ jíròrò lé lórí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bí èmi náà.

Ọ̀rẹ́ mi yìí fi owó tí ó ti ń tọ́jú fún ọdún mélòó kan ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ kan. Nítorí pé ìròyìn olè pọ̀ ní àdúgbò rẹ̀, ó ní kí wọ́n de ẹ̀rọ atọpasẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ náà, ó sì san iye tí wọ́n bi í. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó jáde síta, kò bá ọkọ̀ níbi tí ó gbé e sí. Ó yára ṣí fóònù rẹ̀ kí ó lè wo ibi tí ọkọ̀ wà. Ohun tí ẹ̀rọ náà fi hàn án ni ibi tí ọkọ̀ wà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Owó orí síìmù tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà ti tán láti ìgbà yẹn. Ẹ̀rọ ti yadi, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

Títí di òní, ọ̀rẹ́ mi kò rí ọkọ̀ náà mọ́. Ó ra ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó rà. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ tèmi, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀ràn yìí, mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo ka ohun tí mo lè kà, mo sì bi àwọn tí ó mọ̀ ní ìbéèrè. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo gbé wá fún yín.

Kí Ni Ẹ̀rọ Atọpasẹ̀?

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ó yẹ kí a mọ orúkọ ohun tí a fẹ́ rà. Àwọn awakọ̀ ń pe ẹ̀rọ yìí ní tírákà. Àwọn mìíràn ń pè é ní GPS, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni GPS í ṣe. Orúkọ tí èmi yóò máa lò ni ẹ̀rọ atọpasẹ̀. Àpólà-ìṣe 'tọ ipasẹ̀' ni a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-' kún tí ó fi di ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ sì ni. Bí ọdẹ bá yìnbọn lu ẹran tí ẹran náà sì sá wọgbó, ọdẹ a máa wo ẹ̀jẹ̀ tí ó kán sílẹ̀ àti koríko tí ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì máa tọ ipasẹ̀ náà lọ títí yóò fi bá ẹran.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ipasẹ̀ kì í dá ẹran dúró. Ó kàn ń sọ ibi tí ẹran gbà ni. Bí òjò bá ti fọ ipasẹ̀ dànù, tàbí tí kò sí ọdẹ tí yóò tọ̀ ọ́, ẹran ti lọ nìyẹn. Bákan náà ni ẹ̀rọ yìí rí. Kò lè ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò sì lè di olè lọ́wọ́ mú. Ẹlẹ́rìí ni. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ rà á tó béèrè iye owó rẹ̀, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: láti ìgbà tí olè bá gbé ọkọ̀ mi títí di ìgbà tí a ó rí i, ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí yìí yóò wà láàyè? Ǹjẹ́ yóò lè sọ̀rọ̀? Ǹjẹ́ ẹnìkan yóò wà tí yóò gbọ́ ọ? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kù sórí ìbéèrè mẹ́ta yìí.

Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ ní etí, ó ní ẹnu, ó sì ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Etí Ẹ̀rọ Náà

GPS ni etí rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó dá ètò GPS sílẹ̀, iṣẹ́ ológun ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ọdún 1978 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú kan láti Korea ṣìnà wọ ojú òfuurufú Soviet, wọ́n sì yìnbọn já a lulẹ̀. Gbogbo ènìyàn 269 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Ààrẹ Ronald Reagan kéde pé àwọn ará ìlú náà yóò lè lo GPS lọ́fẹ̀ẹ́ bí ètò náà bá parí. Ọdún 1995 ni ó pé tán. Ṣùgbọ́n títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba náà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn tí ará ìlú ń gbọ́ rú, kí àwọn ọ̀tá má baà fi ṣe wọ́n ní ibi. Ìgbà tí wọ́n dá èyí dúró ni ẹ̀rọ tí ó lè fi ojúlé ọkọ̀ hàn ní pàtó tó di ohun tí gbogbo ayé lè rà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nǹkan bí ọgbọ̀n sátẹ́láìtì ni ó ń yí ayé ká ní bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ láìdákẹ́: 'Èmi lágbájá nìyí, ibi báyìí ni mo wà, aago báyìí ni ó lù.' Ohùn rédíò ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Nítorí náà, ohùn sátẹ́láìtì ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó kàn wá lára. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ a máa wo bí ohùn kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ lọ́nà tó, a sì fi ṣírò bí òun ti jìnnà sí ibi tí ohùn ti wá. Bí ó bá gbọ́ ohùn mẹ́rin, ó mọ ibi tí ó wà: mẹ́ta fún ibùdó, ìkẹrin fún àtúnṣe aago tirẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀ dáadáa, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju mítà mélòó kan lọ. Àwọn mìíràn náà ti ní irú ètò yìí: Rọ́ṣíà ní GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà sì ní BeiDou. Ẹ̀rọ tí ó ń gbọ́ ju ọ̀kan lọ nínú wọn a máa ṣe dáadáa ní àárín ilé gogoro ju èyí tí ó ń gbọ́ ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni olùrà yóò rí kọ́ níhìn-ín. Èkínní ni pé sátẹ́láìtì kò rí ọkọ̀ yín, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà láyé. Ó ń kígbe ni, ẹ̀rọ yín ni ó ń gbọ́. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé sátẹ́láìtì yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ yín ní ọ̀sán àti ní òru, ó fẹ́ ta ọjà ni. Èkejì ni pé ohùn náà kò lágbára mọ́ nígbà tí ó bá fi máa dé ilẹ̀. Ó lè gba inú dígí àti ike kọjá, ṣùgbọ́n irin a máa dí i. Nítorí náà, abẹ́ ike dáṣíbọ́ọ̀dù dára fún ẹ̀rọ yìí ju abẹ́ irin lọ. Bí olè bá sì gbé ọkọ̀ wọ inú àpótí irin ńlá tí a fi ń kó ẹrù lórí òkun, etí ẹ̀rọ di nìyẹn.

Ẹnu Ẹ̀rọ Náà

Ẹni tí ó gbọ́ tí kò lè sọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbọ́. Ẹnu ẹ̀rọ yìí ni síìmù, irú èyí tí ó wà nínú fóònù wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì GSM tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001 ni ó fún un ní ọ̀nà ọ̀rọ̀ sísọ ní ilẹ̀ wa. Ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń já olówó wọn kulẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti já ọ̀rẹ́ mi kulẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí síìmù náà jẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ó lágbára ní àdúgbò yín àti ní gbogbo ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Èyí tí ó mú dáadáa ní ọjà ibi tí wọ́n ti ń tà á lè máà mú ní abúlé tí ẹ ti ń kọ́ni. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè tọ́jú ohun tí ó gbọ́ sínú ìrántí rẹ̀ ní ibi tí kò bá ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ó sì rò ó nígbà tí ó bá tún rí i. Ẹ tún béèrè ẹni tí ń fi owó sí síìmù, ọjọ́ tí owó náà ń tán, àti bí ẹ óò ṣe mọ̀ kí ó tó tán. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí a so gbogbo síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN. Ẹ wádìí orúkọ ẹni tí síìmù inú ọkọ̀ yín wà, nítorí síìmù tí wọ́n bá ti pa, odi ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè tún wà níbẹ̀. Láti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀ kò tó 100 kìlómítà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ẹnubodè òun àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pa nítorí ìwà ọ̀daràn tí ń ti apá kan kọjá sí èkejì, ọkọ̀ jíjí sì wà lára ohun tí ó bí i nínú. Wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa kù síbẹ̀: ọkọ̀ tí a jí ní Èkó lóru lè wà ní Kùtọnu kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí síìmù yín kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè kejì, ẹnubodè ni ipasẹ̀ yóò pin sí. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkó, ní Badagry, ní Ìlarò àti ní agbègbè Kétu. Bákan náà, bí ọmọ yín bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún nìkan ni ó lè lò.

Oúnjẹ Ẹ̀rọ Náà

Bátìrì ọkọ̀ ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ atọpasẹ̀. Olè tí ó gbọ́n mọ èyí, ohun àkọ́kọ́ tí ó sì lè ṣe ni kí ó tú orí bátìrì. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì kékeré tirẹ̀ nínú. Bátìrì kékeré yìí kì í ju wákàtí mélòó kan lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wákàtí wọ̀nyẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ tí ó dára yóò tún fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín ní kété tí wọ́n bá já wáyà rẹ̀.

Jíjẹun rẹ̀ ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìsinmi lè padà bá bátìrì tí ó ti kú, nítorí pé ẹ̀rọ ń fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí ó mọ bí a ṣe ń sùn bí ọkọ̀ bá dúró, tí ó sì ń jí bí ọkọ̀ bá mì, ni kí ẹ yàn.

Irú Mẹ́rin tí Ó Wà Lọ́jà

Èkínní ni èyí tí rẹ́wáyà ń so mọ́ wáyà inú ọkọ̀. Ó ṣòro fún olè láti rí bí a bá fi pamọ́ dáadáa, kì í sì í fẹ́ kí a máa yọ ọ́ láti fi iná sí i.

Èkejì ni èyí tí a ń ki bọ ihò tí mẹkáníìkì ń fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí lábẹ́ sítíárìn. Amẹ́ríkà ti sọ irú ihò yìí di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti ọdún 1996, nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ní i. Fífi í sí kò gba ìṣẹ́jú kan, yíyọ ọ́ kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Ó dára fún baba tí ó fẹ́ mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sáré, kò dára tó fún ọ̀rọ̀ olè.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ní bátìrì ńlá nínú, tí a ń fi òòfà lẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀. Kò ní wáyà tí ẹnikẹ́ni lè tọ̀ dé ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa rántí fi iná sí i. Bí abẹ́ ọkọ̀ ni yóò wà, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IP67 sí lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eruku kò lè wọ inú rẹ̀, àti pé bí ó bá wà nínú omi tí kò jìn ju mítà kan lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ní bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin kì í tilẹ̀ í ṣe GPS rárá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń rà á bí ẹni pé òun ni. Irú AirTag tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní ọdún 2021 ni mo ń wí. Kò ní síìmù. Fóònù àwọn ẹlòmíràn tí ó bá wà nítòsí ni ó ń bá a jẹ́ iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ àti báàgì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ọkọ̀. Kí àwọn oníwàkiwà má baà máa fi í ṣọ́ ọmọnìkejì wọn, wọ́n ṣe é kí ó máa ta fóònù ẹni tí ó ń bá rìn lólobó. Fóònù olè náà lè gba olobó yìí. Ẹ lè fi kún ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi rọ́pò rẹ̀.

Ní èrò tèmi, olùkọ́ tí ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo yóò ṣe rere bí ó bá yan irú èkínní, tí ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Bí owó bá tún kù, kí ó fi irú ẹ̀kẹta pamọ́ síbòmíràn nínú ọkọ̀ náà. Ẹlẹ́rìí méjì sàn ju ọ̀kan lọ, nítorí olè tí ó bá rí ọ̀kan a máa rò pé òun ti parí iṣẹ́. Àwọn olè kan sì wà tí ń gbé ẹ̀rọ kékeré tí ó ń dí ohùn sátẹ́láìtì àti ti síìmù dání. Ẹ béèrè bóyá èyí tí ẹ fẹ́ rà lè mọ̀ bí wọ́n bá ń dí i, kí ó sì ké gbàjarè.

Ibi Ìfipamọ́sí

Atọ́kùn ètò wa bi mí léèrè kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé: ṣé kò yẹ kí a lẹ ìwé mọ́ dígí ọkọ̀ pé ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀rù lè ba olè? Ìbéèrè náà dára. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní LoJack ní àárín ọdún 1980 sí 1990. Rédíò ni ó ń lò nígbà náà, kì í ṣe GPS. Òfin rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sí àmì kankan lára ọkọ̀. Ní ọdún 1998, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Ian Ayres àti Steven Levitt, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé olè ọkọ̀ dín kù ní àwọn ìlú tí LoJack ti wà, kódà fún àwọn tí kò ra nǹkan kan. Olè kò mọ ọkọ̀ tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ ni ó ń bẹ̀rù. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ dígí ní tirẹ̀ ń sọ fún olè pé kí ó lọ wá ẹ̀rọ yọ. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má lẹ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ta ni ó mọ ibi tí ẹ̀rọ yín wà? Bí rẹ́wáyà bá ń so ó, ẹ dúró tì í, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má gbà kí ó fi í sí ibi tí ó máa ń fi ti gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí. Bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ fún ẹni tí ń fọ̀ ọ́ tàbí awakọ̀ tuntun, kò pọn dandan kí ẹ máa júwe ibẹ̀.

Ẹni tí Yóò Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ

Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀ ní ago méjì òru tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ti sùn, ta ni yóò gbọ́? Ẹ̀rọ kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín yóò máa wò lórí fóònù. Òmíràn wà tí ilé-iṣẹ́ tí ó tà á ń gba owó ọdọọdún láti máa bá yín wò ó. Bí ẹ bá yan ti ilé-iṣẹ́, ẹ pè wọ́n ní òru ọjọ́ kan kí ẹ tó sanwó. Bí wọn kò bá gbé e ní òru yẹn, wọn kò ní gbé e ní òru ọ̀hún náà. Ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe gan-an bí ẹ bá ké sí wọn: ṣé wọn yóò bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ ni, tàbí wọn yóò kàn ka orúkọ àdúgbò fún yín? Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ ṣírò owó ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ owó ọdún mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan pọ́n ju èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ ọjà tí ó dàbí ọ̀pọ̀ lónìí, owó ọdọọdún rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò pọ̀ rárá.

Pípa Ẹ́ńjìnnì láti Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀pọ̀ òǹtàjà ń fi èyí polówó: ẹ tẹ fóònù, epo kò ní lọ sí ẹ́ńjìnnì mọ́, ọkọ̀ yóò kú mọ́ olè lọ́wọ́. Ó wu ni í gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kú lórí eré ní òpópónà márosẹ̀, sítíárìn àti bíréèkì yóò le koko, ọkọ̀ náà sì lè pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé adigunjalè ni ó fi ìbọn gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, tí ọkọ̀ kú ní ìwọ̀n 50 mítà sí ibi tí ẹ dúró sí, ta ni wọn yóò padà wá bá? Ẹ̀rọ tí ó ń dúró títí ọkọ̀ yóò fi dúró tàbí tí eré rẹ̀ yóò fi dín kù kí ó tó pa á ni kí ẹ rà. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀yin àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú yín yóò fi dé ibi ààbò.

Àṣírí

Ẹni tí ó mọ ibi tí ọkọ̀ yín wà mọ ibi tí ẹ wà. Ó mọ ìgbà tí ilé yín ṣófo, ó mọ ilé ìwé àwọn ọmọ yín. Ní oṣù Keje ọdún 2022, àjọ CISA tí ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà fún ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa irú ẹ̀rọ atọpasẹ̀ kan tí ó gbajúmọ̀ kárí ayé. Wọ́n rí i pé àjèjì lè gba ìṣàkóso rẹ̀, kí ó wo ibi tí ọkọ̀ wà, kí ó tilẹ̀ dá epo rẹ̀ dúró. Nọ́ńbà àṣírí tí ó bá a dé láti ilé-iṣẹ́ ni 123456. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá so ẹ̀rọ yín tán ni kí ẹ ti yí nọ́ńbà àṣírí padà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń kó ìrìn àjò yín pamọ́ sí àti ẹni tí ó lè wò ó. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ẹ̀tọ́ yìí kan ọmọnìkejì yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ pamọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọkọ tàbí aya, láìjẹ́ kí ó mọ̀.

Ọjọ́ tí Olè Bá Dé

Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ sínú ìwé tí kì í gbé inú ọkọ̀. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni nọ́ńbà ṣáásì ní lára ọkọ̀ òde òní. Bí wọ́n bá jí ọkọ̀, ẹ pe 112, ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sì fi ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́ka sí hàn wọ́n.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Ẹ má ṣe tọ ipasẹ̀ náà fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni inú ń bí tí wọ́n ń wo ọkọ̀ wọn lórí fóònù, tí wọ́n rí i pé kò jìnnà, tí wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ láti lọ gbà á. Ọdẹ tí ó tọ ipasẹ̀ ẹkùn lọ mọ̀ pé ẹkùn lè wà ní òpin rẹ̀, ó sì gbé ìbọn dání. Kí ni ẹ̀yin gbé dání? Ẹ lè ra ọkọ̀ mìíràn, ẹ kò lè ra ẹ̀mí mìíràn.

Ẹ má sì tìtorí ẹ̀rọ ju àwọn ààbò àtijọ́ nù. Àgádágodo sítíárìn, géètì tí a tì, ọkọ̀ tí a kò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní ilé epo, gbogbo wọn ni ó ń dá olè dúró. Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ wà fún ọjọ́ tí wọ́n bá kùnà.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti ra ọkọ̀ mìíràn, ó sì ti so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí ó tó lọ sí ilé ìwé, a ṣí fóònù rẹ̀, a béèrè ibi tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, a sì yọjú lójú fèrèsé láti wò ó bóyá òótọ́ ni ó sọ. Kì í gba ìṣẹ́jú méjì. Orí alákàn kò ní ọrùn tí ó lè yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yọ síta, kì í sì í pa á dé lásán. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ẹ ra ẹ̀rọ bí agbára yín bá ká a, ṣùgbọ́n kí ẹ máa bi í léèrè bóyá ó ṣì wà láàyè.

Olè kò ní jà wá o.